Ṣé Ọ̀lẹ Ni, Tàbí Ó Ti Rẹ̀ Ẹ́?

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí sókè kí àwọn tí kò mọ̀wé nínú ilé lè gbọ́, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú yín ó ṣú. Mo ṣe ìlérí ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá pé ọ̀rọ̀ ìnáwó ìsọmọlórúkọ ni a ó sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí jì mí. Ọ̀rọ̀ kan ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, n kò sì lè gbé e mì.

Àlájà kan ni ó dúró dè mí níbi tí a ń bọ́ bàtà sí. Ilé búrẹ́dì ni ó ní, ní àdúgbò wa níhìn-ín ní Ìbàdàn. Búrẹ́dì rẹ̀ dára, èmi náà ń jẹ ẹ́. Ó ní, "Àáfà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣe àdúà. Ẹ̀mí ọ̀lẹ ti wọ inú àwọn ọmọ tí ń bá mi ṣiṣẹ́. Bí mo bá jágbe, wọn a sáré díẹ̀. Bí mo bá ti kẹ́yìn, ó parí. Búrẹ́dì ń jóná, iyọ̀ ń pọ̀ jù. Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀kan nínú wọn gbé apá lé irin ààrò gbígbóná, awọ sì bó. Àìfarabalẹ̀ ni, Àáfà. Àwọn ọmọ ayé òde òní kò fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́."

Mo bi í pé, àwọn mélòó ni wọ́n? Ó ní mẹ́sàn-án ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí fúláwà gbówó lórí, òun dá méjì dúró. Mo ní, "Iṣẹ́ ńkọ́, ṣé ó dín kù?" Ó ní, "Rárá o, àwọn oníbàárà kò dín kù." Ìgbà wo ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀? Aago mẹ́jọ alẹ́, lẹ́yìn Ìṣáí. Ìgbà wo ni wọ́n ń lọ sílé? Bí àwọn tí ń kiri búrẹ́dì bá gba tiwọn tán, bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Mo ní, "Ọjọ́ wo ni wọ́n fi ń sinmi?" Ó wò mí bí ẹni pé èdè ilẹ̀ mìíràn ni mo fi bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àáfà, ọjọ́ wo ni àwọn ènìyàn kì í jẹ búrẹ́dì?" Owó oṣù ńkọ́? Ó ní òun ń san án, òótọ́ ni pé ó máa ń pẹ́ díẹ̀, òun a sì máa yọ owó èyí tí ó bá jóná kúrò nínú rẹ̀.

Mo ṣe àdúà fún un, nítorí a kì í fi àdúà du ẹni tí ó bá tọrọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ṣe é, ìṣirò ni mo ń ṣe nínú ọkàn mi. Wákàtí 14 ní òru kan, ìgbà 7 ní ọ̀sẹ̀ kan, ó di wákàtí 98. Ọ̀sẹ̀ kan pere kò ju wákàtí 168 lọ. Nínú èyí tí ó kù ni àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò ti wọkọ̀ lọ sílé, tí wọn yóò wẹ̀, tí wọn yóò fọṣọ, tí wọn yóò jẹun, tí wọn yóò kírun, tí wọn yóò sì sùn ní ọ̀sán gangan nínú ariwo ọjà. Bí ọmọ kan bá di ọ̀lẹ nínú ọmọ méje, mo lè gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ kì í dédé wọ ọmọ méje lára lẹ́ẹ̀kan náà, nínú oṣù kan náà tí a lé méjì lọ.

Èmi ni ládàánì mọ́ṣáláṣí wa, èmi náà ni akọ̀wé. Bí mo bá ń lọ pe ìrun Àsúbàá, ẹ̀gbẹ́ ilé búrẹ́dì náà ni mo ń gbà kọjá. Mo máa ń rí wọn. Ọ̀kan a fara ti àpò fúláwà, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì rí mi. Bí mo bá kí i, ó di ẹ̀ẹ̀mejì kí ó tó dáhùn. Mo mọ irú ojú yẹn. Ní ọdún kan tí a fi gbogbo òru tọ́jú aláìsàn nínú ilé wa fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo gòkè lọ pe ìrun Àsúbàá, mo sì fo gbólóhùn tí ó ń rán àwa Mùsùlùmí létí pé ìrun sàn ju oorun lọ. Oorun ni ó gbà á lẹ́nu mi! Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì dárí jì mí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ààrò ni mo wà lówùúrọ̀ ọjọ́ náà ńkọ́?

Kí ẹ má baà sọ pé àáfà kò mọ̀ nípa òwò, àánú lásán ni ó ń fi sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí nígbà ogun àgbáyé kìn-ín-ní. Ní ọdún 1915, ọta ìbọn ńlá kò tó àwọn ọmọ ogun wọn. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti lọ sójú ogun, nítorí náà ogunlọ́gọ̀ obìnrin ni wọ́n kó sí ilé iṣẹ́ tí a ti ń rọ ọta. Àwọn mìíràn ń fi ọwọ́ kó ẹ̀tù sínú ọta títí awọ ara wọn fi pọ́n bí ti ẹni tí ibà apọ́njú mú, àwọn ènìyàn sì ń fi orúkọ ẹyẹ ìbákà pè wọ́n. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ju wákàtí 60 lọ ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n tún ń ṣe é ní ọjọ́ Àìkú. Èrò àwọn ọ̀gá ni pé ogun kò mọ ìsinmi. Bí wákàtí bá ti pọ̀ tó ni ọta yóò ti pọ̀ tó.

Ní ọdún náà gan-an, ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan tí Sir George Newman jẹ́ alága rẹ̀, kí wọ́n wo ìlera àwọn òṣìṣẹ́ náà. Dókítà kan tí a ń pè ní H. M. Vernon bá wọn wo ọ̀rọ̀ náà, ohun tí ó sì ṣe kò ju kí ó jókòó ti ìwé ìṣirò lọ: wákàtí mélòó ni àwọn obìnrin yìí ṣe, ẹyọ iṣẹ́ mélòó ni ó jáde lọ́wọ́ wọn? Nígbà tí a dín wákàtí wọn kù ní ohun tí ó ju mẹ́wàá lọ ní ọ̀sẹ̀ kan, iye tí wọ́n ń rọ kò dín kù. Ó pọ̀ sí i. Kì í ṣe iye ti wákàtí kan nìkan ni mo ń wí o, iye ti gbogbo ọ̀sẹ̀ náà lápapọ̀ ni. Ìgbìmọ̀ náà sì sọ fún ìjọba pé kí a fi iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú sílẹ̀, nítorí kò mú èrè wá.

Bí ènìyàn bá fi ara balẹ̀ rò ó, kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé ilẹ̀ kò tíì ní í ṣú, a máa ṣẹ́ agbára rẹ̀ kù. Bí a ti ń rìn nígbà tí a bá mọ̀ pé ọ̀nà jìn nìyẹn. Ọwọ́ tí ó ti rẹ̀ a máa ba iṣẹ́ jẹ́, a ó sì tún un ṣe, èyí tí a tún ṣe kò sì sí nínú èrè. Lẹ́yìn náà ni àìsàn yóò dé, ẹni tí ó kù yóò tún gbé ẹrù ẹni tí ó dùbúlẹ̀, òun náà yóò sì dùbúlẹ̀. Àwọn ọ̀gá kò rí gbogbo èyí nítorí pé wọn kò kà á. Wákàtí ni wọ́n ń kà.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Gbogbo yín ni ẹ ti gbọ́ ohun tí àwọn àáfà ń sọ nínú wáàsí nípa owó ọ̀yà alágbàṣe, pé kí a má ṣe dá a dúró lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà n kò ní tún un wí. Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí èrè nìkan ni ó ń wá, èyíinì ni Henry Ford, aláṣe-ọkọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1913, ó ṣe ètò tuntun kan ní ilé iṣẹ́ rẹ̀: ọkọ̀ ń lọ níwájú àwọn òṣìṣẹ́, ẹnì kan ń de bóòtù kan ṣoṣo, bóòtù kan náà, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ọkọ̀ ń yára jáde. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà sú àwọn ènìyàn débi pé wọ́n ń fi í sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kí ó tó lè ní nǹkan bí òṣìṣẹ́ 14,000 lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún náà, ó di dandan kí ó gba èyí tí ó ju 52,000 lọ! Ẹ wo iye ìgbà tí a ó kọ́ àlejò ní bí a ti ń de bóòtù.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1914, Ford kéde pé òun yóò máa san dọ́là 5 lójúmọ́. Owó náà tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti àtẹ̀yìnwá. Ó tún dín iṣẹ́ ọjọ́ kan kù láti wákàtí 9 sí 8. Àwọn ọlọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní orí rẹ̀ ti dàrú. Àwọn òṣìṣẹ́ dúró, iṣẹ́ rí ojú rere, Ford fúnra rẹ̀ sì wí nígbà tí ó yá pé ó wà lára ohun tí ó dára jù lọ tí òun ṣe láti dín ìnáwó kù. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pè é ní ẹni mímọ́ o. Ó ń rán ènìyàn lọ sí ilé àwọn òṣìṣẹ́ láti wò ó bí ilé wọn ti mọ́ tó, bí wọ́n ti ń náwó, bí wọ́n bá ń mutí, kí ó tó fún wọn ní owó náà pé. Kí ni ó kan ọ̀gá nínú ìkòkò ọbẹ̀ ènìyàn? Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ka àwọn obìnrin tí ń bá a ṣiṣẹ́ mọ́ ọn rárá. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Àwọn kan yóò sọ pé bí kò bá sí ìpayà, ènìyàn kì í ṣiṣẹ́. Ìdajì òótọ́ ni. Ilé kéwú ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Nígbà tí a ń kọ́ orúkọ lẹ́tà lórí wàláà, pàṣán àáfà mi yá wa lára. Ẹni tí ó bá sùn, ó jí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti gùn tí ìtumọ̀ sì wọ inú ara wọn, bí a bá ti gbọ́ ìró pàṣán ni gbogbo ohun tí a mọ̀ ń fò lọ. Mo rò pé èmi nìkan ni mo gọ̀. Àṣé ní ọdún 1908, ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Yerkes àti Dodson, ti dán irú rẹ̀ wò lára àwọn eku kéékèèké. Wọ́n ní kí eku yan ọ̀nà funfun, kí ó fi dúdú sílẹ̀. Bí ó bá ṣì í yàn, iná mànàmáná díẹ̀ yóò ta á. Nígbà tí ìyàtọ̀ funfun àti dúdú hàn kedere, bí iná náà ti le tó ni eku ti yára kọ́ ọ tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàtọ̀ náà fara sin, iná tí ó le jù dí eku lọ́wọ́. Èyí tí ó mọ níwọ̀n ni ó ràn án lọ́wọ́. Eku kì í ṣe ènìyàn, mo mọ̀. Síbẹ̀ ẹni tí ń wọn iyọ̀ sínú fúláwà lóru, tàbí ẹni tí ń kọ ìṣirò owó, tàbí nọ́ọ̀sì tí ń wọn oògùn ọmọdé, iṣẹ́ tí ó nílò ojú àti ọkàn ni ó ń ṣe. Ìjágbe lè mú ẹsẹ̀ rẹ̀ yára. Kò lè mú ọkàn rẹ̀ pé.

Àìsàn tí èyí ń fà kì í ṣe àwàdà. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jọ gbé ìṣirò kan jáde. Wọ́n ní ní ọdún 2016, nǹkan bí ènìyàn 745,000 ni àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn pa nítorí iṣẹ́ ọlọ́jọ́ gígùn. Ẹni tí ó bá ń ṣe wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀, ewu rọpárọsẹ̀ tirẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tí ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Ẹ tún rántí wákàtí 98 ti àwọn ọmọ búrẹ́dì.

N kò ní í jókòó máa dá Àlájà nìkan lẹ́bi, nítorí ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí ọ̀rọ̀ náà kò fi jẹ́ kí n sùn.

Ní ọdún tí ó kọjá, ìgbìmọ̀ wa gba olùkọ́ kan fún ilé kéwú mọ́ṣáláṣí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ohùn rẹ̀ dùn, ó ní sùúrù. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn ọmọ tí kò lè ka nǹkan kan ń kà, àwọn ìyá wọn sì ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí pẹ́ dé. Bí ó bá dé, á jókòó, á fọwọ́ lérán, àwọn ọmọ á máa ṣeré. Àwọn òbí fi ẹjọ́ sùn. Ìgbìmọ̀ ní kí akọ̀wé kọ ìwé sí i kí ó wí tẹnu rẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́, ẹnu mi sì mú nínú ìwé náà. Mo lo ọ̀rọ̀ náà gan-an tí Àlájà lò: ọ̀lẹ.

Ó mú ìwé náà wá fún mi lẹ́yìn ìrun Màgàríbì. Kò bínú. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àáfà, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ìwé owó oṣù." Ọwọ́ mi ni ìwé yẹn wà, èmi ni mo ń kọ ọ́. Mo ṣí i. Oṣù mẹ́rin ni ó ṣófo níwájú orúkọ rẹ̀. A ti ra bẹ́ńdì tuntun, a ti kun ògiri, a ti se ìrẹsì ọjọ́ Màólúùdì, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ ní ọwọ́ ara mi. Láti ìdájí ni ọmọ náà ti ń gun ọ̀kadà kí ó lè rí owó ilé àti owó wàrà ọmọ rẹ̀, ìgbà tí ara rẹ̀ bá ti kú tán ni ó ń wá kọ́ àwọn ọmọ tiwa. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n ó gba ìwé ìfiwí náà lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó fi í sí àpò. Bí ó bá ti ya á, ìbá sàn fún mi.

Àwọn ìjọba náà ti fojú rí irú rẹ̀. Láti ọdún 2015, lẹ́yìn tí owó oṣù ti wọ́ pọ̀, ìdajì owó ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi ń san ti àwọn òṣìṣẹ́ onípò gíga fún ọdún bíi mélòó kan. Ara ẹni tí ó gba ìdajì owó lè wá sí ọ́fíìsì lódindi, ṣùgbọ́n mo bi yín, níbo ni ọkàn rẹ̀ yóò wà?

Owó kọ́ ni gbogbo rẹ̀, síbẹ̀. Olùkọ́ wa sọ fún mi nígbà tí ó yá pé ohun tí ó dun òun jù ni pé lẹ́yìn tí ọmọ mẹ́fà ka Kùránì parí, kò sí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ tí ó wí fún òun pé o ṣeun. Àwọn baba wa ní yin ni yin ni, kí ẹni lè ṣe òmíràn. Àwa a máa fi òwe náà kí ara wa níbi ìyàwó, a kì í rántí rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìyìn tí kò ní owó lẹ́yìn nígbà tí ebi ń pa ènìyàn, yẹ̀yẹ́ ni. Ẹ san owó ná, kí ẹ tó kí i.

Ọ̀lẹ wà o. Mo mọ àwọn kan, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ tí ó wá yí padà, ẹ bi í ní ohun tí ó yí padà kí ẹ tó fún un lórúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọ̀dọ̀, ta ni ó kọ́kọ́ ń jí nínú ilé yín, ta ni ó kẹ́yìn sùn? Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan náà ni, ẹ má jẹ́ kí àwo tí ó fọ́ yà yín lẹ́nu. Ẹ̀yin ọkọ tí ìyàwó yín ń ti ọ́fíìsì bọ̀ wá dáná, ìbéèrè náà kàn yín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo lọ sí ilé búrẹ́dì, mo sì sọ èyí tí mo lè sọ fún Àlájà. Inú rẹ̀ kò kọ́kọ́ dùn. Ó ní, "Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ń ra fúláwà, Àáfà." Òótọ́ ni ó wí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó ránṣẹ́ sí mi pé òun yóò máa fún olúkúlùkù wọn ní òru kan lọ́sẹ̀, pé àwọn tí ń kiri ni yóò máa ka búrẹ́dì tiwọn fúnra wọn kí àwọn ọmọ lè tètè lọ sílé, pé òun kò ní yọ owó èyí tí ó jóná ní oṣù yìí, kí òun fi wò ó. Ẹni méjì tí ó lé, kò tíì gbà láti pè wọ́n padà. Ọmọ tí apá rẹ̀ bó ń lọ sí ilé ìwòsàn láti wẹ ojú egbò náà, Àlájà ni ó ń sanwó rẹ̀.

Ní tiwa, a ti san oṣù mẹ́ta fún olùkọ́. Oṣù kan ni ó kù. Ìpàdé ìgbìmọ̀ jẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀, lẹ́yìn Àlàásárì, òun ni mo sì kọ sí orí ìwé ètò ìpàdé, ṣáájú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun. Ọ̀rọ̀ ìsọmọlórúkọ di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.